Ṣé ìwé kíkọ lásán ni, àbí iṣẹ́ ọnà? Ìdáhùn lórí búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà àwọn ará Kòríà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ràn fíìmù Kòríà gan-an, pàápàá àwọn tó dá lórí ọba àti ìjòyè ayé àtijọ́. Mo máa ń rí i tí ọkùnrin kan á jókòó sílẹ̀, á máa lọ nǹkan dúdú kan lórí òkúta fún ìgbà pípẹ́, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí bébà funfun. Ọ̀rẹ́ mi ní kí ọwọ́ ìkọ̀wé èèyàn dára lásán ni, pé àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n tilẹ̀ jí i lọ́wọ́ wọn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe é lóde òní, àbí inú fíìmù nìkan ló kù sí? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi náà lè kọ́ ọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè. N ó dáhùn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí o ṣe tò ó. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ní Kòríà, ìkọ̀wé búrọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń pè ní seoye, kò fìgbà kan jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ nìkan. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Wọ́n fi ń kí ìgbà tuntun káàbọ̀, wọ́n fi ń sìnkú, wọ́n fi ń pe bàbá tó ti kú wá jẹun, wọ́n fi ń kọ orúkọ ààfin, wọ́n sì fi ń kọ orúkọ ọtí. Torí pé iṣẹ́ ò tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọnà inú rẹ̀ kò ṣe kú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iyì rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé àwọn èèyàn ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 4 oṣù Kejì lọ́dọọdún, kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn á ní ìgbà ìrúwé ti wọlé. Ipchun ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Òtútù ṣì ń mú nígbà yẹn, yìnyín ṣì lè wà lórí òrùlé. Síbẹ̀ wọ́n á kọ ìwé méjì tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á lẹ̀ wọ́n mọ́ ìlẹ̀kùn àbáwọlé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, orí wọn á súnmọ́ra, ìdí wọn á yà síra. Ọ̀kan ń sọ pé ipchun daegil, kí ìrúwé mú oríire ńlá wọlé. Èkejì ń sọ pé geonyang dagyeong, kí oòrùn yọ, kí ohun ayọ̀ pọ̀. Láyé àwọn ọba Joseon, láti 1392, ààfin gan-an ń ṣe é: àwọn ìjòyè á kọ ewì, wọ́n á ṣa èyí tó dáa jù nínú wọn, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó ààfin. Lónìí, ilé alájà gogoro ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé ní Seoul, irin sì ni ìlẹ̀kùn wọn, ṣùgbọ́n o ṣì lè rí ìwé méjì yìí lára irin náà. National Folk Museum tó wà níbẹ̀ máa ń pe àwọn akọ̀wé búrọ́ọ̀ṣì jọ ní àsìkò yìí kí àlejò lè wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ti òkú tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nígbà ìsìnkú ìbílẹ̀, aṣọ pupa gígùn kan wà tí wọ́n ń fi àwọ̀ funfun kọ orúkọ olóògbé àti ipò rẹ̀ sí, wọ́n á gbé e ṣáájú òkú, lẹ́yìn náà wọ́n á tẹ́ ẹ lé pósí lórí nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí ọjọ́ ikú bàbá bá ti yí po lọ́dún, ìdílé á se oúnjẹ, wọ́n á tò ó sórí tábìlì, wọ́n á sì lẹ bébà kékeré kan sí òkè tábìlì náà. Jibang ni bébà yìí, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, gíga rẹ̀ bíi 22. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, tí wọ́n kọ láti òkè wá sílẹ̀. Bí bàbá kò bá jẹ oyè kankan nígbà ayé rẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ ni hyeon go haksaeng bugun sinwi, ìyẹn ni pé ibi ìjókòó ẹ̀mí bàbá wa, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, nìyí. Ọmọ ọkùnrin ilé ló sábà máa ń kọ ọ́, ì báà jẹ́ dókítà, ì báà jẹ́ awakọ̀, ì báà má tíì mú búrọ́ọ̀ṣì láti ọdún tó kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ lè má dúró. Kò ṣe nǹkan. Tí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n á sun bébà náà. Àwọn tó lọ ilé kéú nínú wa mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀: aáfà á kọ ọ́ sórí wàláà, wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ìwé náà ṣòfò.

Lẹ́tà kan tún wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ nípa rẹ̀, torí pé ó dáhùn ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ju ohun tí èmi lè sọ lọ. Ní 1998, wọ́n ń kó àwọn sàréè àtijọ́ kan kúrò ní ìlú Andong kí wọ́n lè kọ́ ilé síbẹ̀. Nínú ọ̀kan ni wọ́n ti bá òkú Yi Eung-tae, ọkùnrin tó kú ní 1586 nígbà tí kò tíì ju ẹni bí ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti fi lẹ́tà kan sínú pósí rẹ̀, pẹ̀lú bàtà tí wọ́n hun irun orí èèyàn mọ́. A kò mọ orúkọ obìnrin náà. "Bàbá Won" ló pe ọkọ rẹ̀. Ó ń bi í pé ṣebí wọ́n ti jọ sọ ọ́ pé àwọn á jọ gbé títí irun àwọn á fi funfun, kí ló dé tó wá lọ tó fi òun sílẹ̀? Ọmọ inú òun, ta ni yóò máa pè ní bàbá? Ó ní kó wá bá òun lójú àlá, kó sọ ọ́ fún òun yékéyéké.

Wo bébà náà dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, ó ń kọ láti òkè wá sílẹ̀, ìlà lẹ́yìn ìlà, títí bébà fi kún. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ó yí bébà náà, ó ń kọ sí etí rẹ̀ lókè. Ibẹ̀ náà kún. Ó tún padà síbi àlàfo kékeré tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ó sì dojú bébà kodò kó lè rí àyè sọ èyí tó kù. Kò sí olùkọ́ kankan tó kọ́ ọ ní irú ìtò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá ń wo àwòrán lẹ́tà yìí, mo máa ń rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti yá àti ibi tí àwọn lẹ́tà ti fún mọ́ra torí pé àyè ń tán. Ìṣípòpadà ara èèyàn ló wà lórí bébà yẹn, ó ti lé ní irínwó ọdún, o sì ṣì lè tẹ̀ lé e. Ohun tí iṣẹ́ ọnà yìí dá lé gan-an nìyẹn. Kí ìwé ṣeé kà nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n ń wá ibi tí ọwọ́ gbà.

Ní báyìí, òkúta tí o rí nínú fíìmù. Ọlọ tàdáwà ni, byeoru lorúkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n sì mọ̀ jù ní Kòríà ni wọ́n ń gbẹ́ lára òkúta dúdú Nampo ní agbègbè Boryeong. Nǹkan dúdú tí ọkùnrin náà ń lọ̀ ni tàdáwà fúnra rẹ̀. Dúdú tí èéfín igi páìnì tàbí ti òróró fi sílẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á pò ó mọ́ àtè tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran, wọ́n á fún un ní ìrísí igi pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún ìgbà pípẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé, wọ́n á kán omi díẹ̀ sórí ọlọ, wọ́n á mú igi tàdáwà náà dúró ṣánṣán, wọ́n á máa fi yí po jẹ́ẹ́jẹ́ láìtẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fi agbára lọ̀ ọ́, tàdáwà rẹ̀ á ní èrúnrún, kò ní ṣàn dáadáa. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni yóò ṣe dúdú tó, nítorí náà akọ̀wé ló ń pinnu fúnra rẹ̀ bóun ṣe fẹ́ kó rí. Lónìí tàdáwà inú ìgò wà káàkiri, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń lò ó. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lọ tàdáwà rí kò ní mọ̀ pé àsìkò yẹn gan-an ni ọwọ́ àti ọkàn fi ń balẹ̀ kí ìlà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bébà wọn tún ni ohun tí mo fẹ́ràn jù láti ròyìn. Hanji ni wọ́n ń pè é. Èèpo igi kan tó ń jẹ́ dak ni wọ́n ń bó, wọ́n á sè é nínú omi eérú, wọ́n á lù ú títí á fi di okùn tín-tìn-tín, wọ́n á wá dà á sínú omi pẹ̀lú ọ̀yọ̀ tí wọ́n fún láti inú gbòǹgbò ewéko hwangchokkyu. Mọ̀lẹ́bí ilá wa ni ewéko yìí, bó sì ṣe ń yọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí okùn èèpo náà rì sísàlẹ̀ omi. Á tàn ká bákan náà, bébà á sì nípọn dọ́gba. Ó máa ń pẹ́ gan-an. Ní 1966, nígbà tí wọ́n ń tún ilé ìṣọ́ òkúta kan ṣe ní tẹ́ńpìlì Bulguksa ní Gyeongju, wọ́n bá ìwé àdúrà ẹlẹ́sìn Búdà kan nínú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà dak kó tó di 751. Ó ti lé ní 1,200 ọdún. Bébà náà ṣì wà.

Ní ti búrọ́ọ̀ṣì, irun ewúrẹ́ wà, irun ìrù ẹranko kékeré kan tó ń jẹ́ weasel náà wà, èyí tí àwọn ará Ṣáínà pàápàá ń wá láti Kòríà láyé àtijọ́. Ti ewúrẹ́ rọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí n fi ìlà kan ṣoṣo ṣàlàyé fún ọ, ìlà ìbú, èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojú á rò pé kí a ṣáà fa búrọ́ọ̀ṣì láti òsì lọ sí ọ̀tún ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì á kọ́kọ́ lọ sí òsì díẹ̀, òdìkejì ibi tí a ń lọ, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ pa mọ́. A óò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, a óò yí i, ìgbà yìí la tó máa fà á lọ sí ọ̀tún. Bí a ti ń fà á, ṣóńṣó náà gbọ́dọ̀ máa rìn láàárín ìlà gan-an, kò gbọdọ̀ gba etí. Tí a bá dé òpin, a óò dúró, a óò gbé e sókè díẹ̀, a óò dá a padà sínú ìlà tó ti là. Ìlà tí wọ́n bá fà báyìí, etí rẹ̀ méjèèjì á mọ́ gaara, inú rẹ̀ á sì kún. Tí ṣóńṣó bá gba etí, ẹ̀gbẹ́ kan á mọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì á rí jágajàga. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á wo ìlà kan yìí, á sọ fún ọ bóyá o kánjú, bóyá ẹ̀rù bà ọ́, bóyá ìgúnpá rẹ wà nílẹ̀ nígbà tó yẹ kó wà lókè. O kò sì lè tún un ṣe. Tí o bá tún fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, tàdáwà kejì á hàn lórí ti àkọ́kọ́ bí àbàwọ́n. Bí o ṣe kọ ọ́ ló wà títí ayé.

Ó kù ọ̀rọ̀ Ṣáínà. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Òótọ́ ni pé láti Ṣáínà ni lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Hanja ti wá, òun àti irú ìkọ̀wé márùn-ún tí gbogbo ìlà-oòrùn Éṣíà jọ ń kọ́, láti èyí tí wọ́n ń fín sára òǹtẹ̀ títí dé èyí tí wọ́n ń kọ kíákíá tí lẹ́tà fi ń wọnú ara wọn. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ lọ. Ṣùgbọ́n òkúta ìrántí Gwanggaeto, ọba Kòríà àtijọ́ kan, wà, tí ọmọ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 414, gíga rẹ̀ lé ní mítà 6, lẹ́tà tó lé ní 1,700 ló wà lára rẹ̀. Ìkọ̀wé ara òkúta yẹn le, ó dúró ṣinṣin, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, àwọn akọ̀wé Kòríà òde òní ṣì ń fi ṣe àwòkọ́ṣe torí pé wọ́n ka ìrísí rẹ̀ sí tiwọn.

Ohun tó sì jẹ́ tiwọn pátápátá ni Hangul. Ọba Sejong parí álífábẹ́ẹ̀tì yìí ní 1443, ó kéde rẹ̀ ní 1446, kí ẹni tí kò ní àyè kọ́ Hanja náà lè kọ èrò ọkàn rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Nínú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kéde rẹ̀, lẹ́tà náà rí bí ohun tí wọ́n fi rúlà àti kọ́ńpáàsì yà: ìlà gbọọrọ tó nípọn bákan náà láti orí dé ìdí, àmì róbótó tó yí po láìní ìbẹ̀rẹ̀ láìní òpin. Búrọ́ọ̀ṣì kì í fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì fẹ́ kó ki níbì kan kó sì tín-ín-rín níbòmíràn. Gbogbo ìtàn ìkọ̀wé Hangul jẹ́ ìtàn bí ọwọ́ àwọn èèyàn ṣe wá ojútùú sí èyí. Àwọn kan di ìrísí àkọ́kọ́ yẹn mú, wọ́n ń kọ ọ́ ní fífẹ̀, ní pẹrẹsẹ, bó ṣe wà nínú ìwé títẹ̀ àtijọ́. Ọ̀nà kejì, èyí tí mo gbà pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó lẹ́wà jù tí wọ́n ṣe, wá láti ọwọ́ àwọn obìnrin ààfin. Gungche ni wọ́n ń pè é. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ló ń kọ lẹ́tà fún ayaba, àwọn ló ń da ìtàn àròsọ kọ láti ìwé kan sí òmíràn. Tí o bá wo ìlà gungche kan láti òkè wá sílẹ̀, wàá rí i pé ìlà ìnàró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lápá ọ̀tún, bọ́ sójú ibì kan náà, bẹ́ẹ̀ ni apá òsì ń wọlé ń jáde bó ṣe wù ú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ọkùnrin ìgbà yẹn ka Hanja sí ìwé gidi, wọ́n sì fojú kéré Hangul. Lónìí, gungche tí àwọn obìnrin yẹn kọ láìfi orúkọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé àti àgbà.

Tí o bá fẹ́ orúkọ akọ̀wé kan ṣoṣo, Kim Jeong-hui ni kí o mú lọ. Chusa lorúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù, 1786 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1856. Ọmọ ìdílé ńlá ni, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí Beijing ní 1809, ó bá àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ pàdé. Lẹ́yìn náà ìṣèlú yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́, ní 1840 wọ́n lé e lọ sí erékùṣù Jeju, ó sì lo ọdún tó lé ní mẹ́jọ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ sá. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Yi Sang-jeok, tó jẹ́ ògbufọ̀ ìjọba, kò sá. Nígbàkígbà tó bá lọ sí Beijing, ó máa ń ra ìwé wá fún un, kò wo ti pé kò sí èrè kankan lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ti lé kúrò nílùú. Ní 1844 Chusa ya àwòrán kan fún un láti fi dúpẹ́: ilé kékeré kan àti igi mẹ́rin nínú òtútù, tí ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ yà. Sehando lorúkọ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà ó kọ ọ̀rọ̀ tó wá láti ẹnu Confucius, amòye Ṣáínà àtijọ́, pé ìgbà tí òtútù bá dé la tó ń mọ̀ pé igi páìnì ló ń gbẹ́yìn wọ́wé. Yi gbé e lọ sí Beijing, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ ìyìn tiwọn mọ́ ọn, àwọn ará Kòríà náà tún kọ tiwọn lẹ́yìn náà, títí ìwé náà fi gùn ju mítà 14 lọ. Nígbà tó yá ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jàpáánù kan, Fujitsuka. Ní 1944, nígbà tí ogun ń jó, Sohn Jae-hyung, tó jẹ́ akọ̀wé búrọ́ọ̀ṣì, rìnrìn àjò lọ sí Tokyo, ó ń lọ bẹ Fujitsuka lójoojúmọ́ títí ìyẹn fi gbé e fún un láìgba owó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bọ́ǹbù jó àwọn ìwé Fujitsuka tó ṣẹ́kù. Láti 2020, National Museum of Korea ló ni Sehando.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń mú mi dúró nínú iṣẹ́ Chusa ni pátákó kan tó wà ní tẹ́ńpìlì Bongeunsa, ní àárín Gangnam, agbègbè kan ní Seoul, láàárín àwọn ilé gíláàsì gogoro. Panjeon ni ọ̀rọ̀ orí rẹ̀, Hanja méjì péré, orúkọ ilé tí wọ́n ń kó àwọn pákó ìtẹ̀wé ẹ̀sìn Búdà sí. Ó kọ ọ́ ní 1856, ó sì fi kún un fúnra rẹ̀ pé ẹni ọdún 71 lòun, àti pé nínú àìsàn lòun ti kọ ọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó kú. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọmọdé ló kọ ọ́. Ìlà rẹ̀ ki, ó lọ́ra, kò ní ìgbéraga kankan. Ọkùnrin yìí kan náà ló sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ kan pé òun ti lọ ọlọ tàdáwà mẹ́wàá gbó, òun sì ti lo ẹgbẹ̀rún búrọ́ọ̀ṣì títí wọ́n fi pá. Gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ ayé ló ní, ó wá jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bí ìwé kíkọ dáadáa bá ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, Panjeon kò ní wù wọ́n, torí pé kò "dáa" bó ṣe yẹ kí ìwé dáa.

Àwọn ará Kòríà gbà pé ìwé ẹni ni ẹni. Èmi kò gbà á tán, torí pé Yi Wan-yong, ìjòyè tó fọwọ́ sí ìwé tó gbé Kòríà fún Jàpáánù ní 1910, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára gan-an. Ṣùgbọ́n wo ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò níyì lójú wọn. Ahn Jung-geun ní tirẹ̀, ajàjàgbara Kòríà tó yìnbọn pa Ito Hirobumi, àgbà òṣèlú Jàpáánù, ní Harbin ní 1909, kọ ọ̀pọ̀ ìwé búrọ́ọ̀ṣì nínú ẹ̀wọ̀n Lushun kí wọ́n tó pa á ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, 1910. Àwọn ará Jàpáánù tó ń ṣọ́ ọ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ fún àwọn. Kò ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ó ki àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ bọ tàdáwà, ó fi tẹ bébà. Ìka tó tẹ̀ lé ìka kékeré kúrú nínú àmì náà, torí pé ó ti gé orí rẹ̀ nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mulẹ̀. Ìwé wọ̀nyí ti wà lára ohun ìṣúra tí ìjọba ń dáàbò bò.

O béèrè bóyá wọ́n ṣì ń ṣe é. Ààfin Gyeongbokgung ní Seoul ní ẹnubodè kan, Gwanghwamun. Ní 1968, Ààrẹ Park Chung-hee fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ẹnubodè náà ní Hangul, wọ́n sì gbé e kọ́ síbẹ̀. Ní 2010 wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi Hanja ti ayé àtijọ́ rọ́pò rẹ̀, dúdú lórí funfun. Pákó náà sán láàárín oṣù díẹ̀, inú àwọn ará ìlú ò sì dùn. Àwòrán àtijọ́ wá fi hàn pé ìdí pátákó àkọ́kọ́ dúdú ni, nítorí náà ní oṣù Kẹwàá 2023 wọ́n ṣí òmíràn, dúdú tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wúrà. Àwọn kan ṣì ń sọ pé Hangul ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èmi ò rí orílẹ̀-èdè tó ń jà báyìí lórí ìkọ̀wé ara pátákó kan tí ìkọ̀wé náà ti kú sí lọ́wọ́.

Ọtí náà ńkọ́? Shin Young-bok lo ogún ọdún lẹ́wọ̀n nítorí òṣèlú, láti 1968 sí 1988. Ẹ̀wọ̀n ló ti kọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ìkọ̀wé rẹ̀ máa ń fara tira bí àwọn èèyàn tó gbá ara wọn léjìká mú, tí lẹ́tà kan bá wọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á gbé e dúró. Nígbà tí ọtí soju kan tí wọ́n pè ní Cheoum Cheoreom jáde ní 2006, ìkọ̀wé rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò wọ ilé àfihàn ọnà rí ń gbá iṣẹ́ akọ̀wé ńlá kan mú lálaalẹ́. Tí o bá tún ń wo fíìmù tí wọ́n ti ń da ọtí sínú ife kékeré, wo ara ìgò náà.

N kò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Láti ìgbà tí ìdánwò iṣẹ́ ọba ti dópin ní 1894 ni ìdí pàtàkì kan láti mọ búrọ́ọ̀ṣì ti lọ, kọ̀ǹpútà sì ti gba èyí tó pọ̀ nínú ìyókù. Àpò ìwé owó ìsìnkú àti ìgbéyàwó, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ kọ tẹ́lẹ̀, títẹ̀ ni wọ́n ń tà báyìí. Ní oṣù Kìíní 2025, ìjọba Gúúsù Kòríà kéde ìkọ̀wé Hangul gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà, wọn kò sì dárúkọ ọ̀gá kan ṣoṣo tó ni ín, torí pé ti gbogbo èèyàn ni. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ lórí bébà ẹnu ọ̀nà yẹn ju ìwé ìkéde lọ.

Ní ti pé bóyá ìwọ náà lè kọ́ ọ: bẹ́ẹ̀ ni, kò sì pọn dandan kí o gbọ́ èdè wọn dójú àmì. Kọ́ lẹ́tà Hangul ná, 24 péré ni wọ́n. Korean Cultural Centre wà ní Abuja, bi wọ́n bóyá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ búrọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrísí àtijọ́ tó dúró gbọọrọ, má tíì sún mọ́ gungche. Ìlà ìbú àti ìlà ìnàró nìkan ni kí o máa fà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí búrọ́ọ̀ṣì dúró ṣánṣán, kí ìgúnpá rẹ wà lókè. Ra búrọ́ọ̀ṣì kan tó wà níwọ̀nba, tí irun rẹ̀ ń ta padà tí o bá tẹ̀ ẹ́. Omi lásán ni kí o fi fọ̀ ọ́, má lo ọṣẹ, má sì jẹ́ kí tàdáwà gbẹ sí i lára, torí pé àtè inú rẹ̀ á gan irun náà pa. Hanji á wọ́n ọ lówó ní Ìbàdàn. Ìwé ìròyìn tí wọ́n ti kà tán ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kòríà fúnra wọn fi ń kọ́ ọwọ́, ó sì tó ọ lò fún ọ̀pọ̀ oṣù.